Ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì: ìdáhùn lórí "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà"

Ẹni tó béèrè ní olùkọ́ báyọ́lọ́jì wọn pa òwe "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà" nígbà tó ń kọ́ wọn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń na ọwọ́ jáde lára, pé òun ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Ó tún béèrè nípa àwọn ọwọ́ tín-tìn-tín tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì ìfun. Ẹnìkan sì ti sáré dá a lóhùn pé ẹlẹ́dẹ̀ a máa fi agbára wó ọgbà, pé bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mu omi yó títí awọ rẹ̀ á fi wú síta. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ yín?

Ẹni tí ò sin ẹlẹ́dẹ̀ rí, kó rọra máa túmọ̀ òwe ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi àgbà ni mo ti mọ̀ wọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀ tiwa kì í wó ọgbà. Á lọ dúró ti igi ọgbà tó ti ń mì. Bí atẹ́gùn tàbí ewúrẹ́ bá mú igi yẹn yẹ̀ díẹ̀, á ti imú bọ àlàfo náà, igi ò sì ní lè padà sáyè rẹ̀ mọ́. Á tún dúró kó tún mì. Kì í ṣe agbára ló fi ń wọlé, àìpadàsẹ́yìn ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọn ò rí ẹlẹ́dẹ̀ bí kò ṣe lórí fóònù, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ èyí?

Olùkọ́ yẹn mọ ohun tó ń sọ. Okùn tó ń ti awọ sẹ́ẹ̀lì síwájú ni actin, purotéènì tí Bruno Straub yọ lára iṣan ní Szeged, ní ilẹ̀ Họ́ńgárì, ní 1942. Okùn náà ò nípọn ju nǹkan bíi nánómítà 7 lọ. Awọ sẹ́ẹ̀lì kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Ooru ń gbọ̀n ọ́n láìsinmi. Bó bá gbọ̀n kúrò lórí okùn débi tí ẹyọ actin kan lè ráyè, ẹyọ náà á so mọ́ ọn, okùn á fi nǹkan bíi nánómítà 2.7 gùn sí i, awọ ò ní lè padà síbi tó wà. Àwọn onímọ̀ Peskin, Odell àti Oster ló ṣírò rẹ̀ ní 1993. Ní 1996, Mogilner àti Oster fi kún un pé okùn náà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, ó sì ń nà padà. Èmi ò tíì rí àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gbé ATP, èròjà agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná, wá, nígbà tó bá sì ti lò ó, purotéènì cofilin á gé okùn tó ti gbó kí àwọn ẹyọ rẹ̀ lè tún padà síwájú.

Bẹ́ ẹ bá ṣì ń jà fún omi, ẹ wo Listeria. Bakitéríà yìí máa ń bá oúnjẹ wọ inú èèyàn, á wọ sẹ́ẹ̀lì, á máa sáré kiri níbẹ̀ pẹ̀lú ìrù actin lẹ́yìn. Tilney àti Portnoy ti fi èyí hàn ní 1989. Purotéènì kan lára rẹ̀, ActA, ló ń pe Arp2/3, àkójọ purotéènì ti sẹ́ẹ̀lì onílé, wá kó máa mú okùn tuntun yọ ẹ̀ka lára ti àtijọ́. Ní 1999, àwọn tó ń bá Marie-France Carlier ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé kó ìwọ̀nba purotéènì tí wọ́n ti yọ́ mọ́ pọ̀: actin, Arp2/3, cofilin, àti èyí tó ń dí orí okùn, pẹ̀lú ATP. Wọn ò fi myosin tó ń fa iṣan sí i rárá. Bakitéríà gbéra, ó ń lọ. Kò sí sẹ́ẹ̀lì onílé níbẹ̀. Ta ló wá ń mu omi yó?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan máa ń wú lóòótọ́. Ó wà bẹ́ẹ̀. Iyẹn kọ́ ni wọ́n béèrè.

Ní yunifásítì, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe nǹkan, a fa ìpẹ́ lára ẹja èpìyà, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì nínú omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, a fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń rìn jáde lábẹ́ ìpẹ́. Iwájú wọn fẹ̀, ó tẹ́, ó fẹ́lẹ́ débi pé etí rẹ̀ nìkan lèèyàn fi ń mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni gbogbo ẹrù wà. Olùkọ́ wa kán cytochalasin sí i, oògùn tó ń dí orí okùn actin. Iwájú tó ń lọ dúró. Fídíò ni wọ́n fi ń rọ́pò gbogbo ìyẹn báyìí, ó wá ń yà yín lẹ́nu pé ọmọ kò gbàgbọ́.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ tín-ín-rín ni sẹ́ẹ̀lì fẹ́ yọ, purotéènì formin ló ń dúró sórí okùn, purotéènì fascin ló ń di okùn bíi 10 sí 30 pọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, purotéènì WASP ló ń pàṣẹ fún Arp2/3. Ọmọkùnrin tí WASP tirẹ̀ bá ní àbùkù gidi, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dá lára rẹ̀, ara á máa yún un, àìsàn á sì máa kọlù ú léraléra.

Ní ti ìbéèrè kejì, nípa àwọn ọwọ́ tín-tìn-tín tó bo ojú sẹ́ẹ̀lì ìfun: actin náà ló wà nínú wọn, purotéènì villin àti fimbrin ló so ó pọ̀. Àwọn yẹn kì í lépa ohunkóhun. Ojú ìfun ni wọ́n ń mú fẹ̀ kí oúnjẹ lè ráyè wọ ara.