Báwo ni ínhélà oníyẹ̀fun ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn wo ló sì ń nira fún?

Kò sí gáàsì nínú rẹ̀ tí yóò ti oògùn jáde; èémí tí ẹ bá fà sínú ló ń gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má mí èémí jáde sínú rẹ̀ o, torí ọ̀rinrin ẹnu a máa mú kí ìyẹ̀fun náà dì. Ẹ fà á tagbáratagbára láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sé èémí fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Ti Turbuhaler, tó jẹ́ irú ínhélà oníyẹ̀fun kan, ó kéré tán, kí èémí náà yára tó lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan; 60 ló dáa jù. Ibẹ̀ ló ti ń le fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, arúgbó tí kò lókun mọ́, àti ẹni tí COPD (àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń mú kí mímí nira) ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ gan-an. Ínhélà alátẹ̀, ìyẹn èyí tí a ń tẹ̀ kí gáàsì lè ti oògùn jáde, tí a fi spacer (ike oníhò tí oògùn ń gbà kọjá kó tó dé ẹnu) sí lẹ́nu ló sábà máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí apòògùn wo bí ẹ ṣe ń fà á.