Ta ló pàṣẹ fún jíìnì BiP?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fi oògùn tunicamycin sí sẹ́ẹ̀lì HeLa (sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a ń tọ́jú nínú láàbù), mRNA BiP (ẹ̀dà RNA tí a fi ń ṣe BiP, prótíìnì tó ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti ká) sì gòkè gan-an. Alábòójútó iṣẹ́ mi ní kí n fi ẹ̀rí hàn pé XBP1, prótíìnì kan tó ń pàṣẹ fún jíìnì, ló fà á. Ṣé BiP tó gòkè yẹn kò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó, àbúrò mi. Tunicamycin kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì so ṣúgà mọ́ prótíìnì tuntun. Ọ̀pọ̀ prótíìnì tí kò rí ṣúgà yìí kì í lè ká bó ṣe yẹ. Wọ́n á kún inú ER (yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tí prótíìnì ti ń ká) títí apá rẹ̀ kò fi ní ká iṣẹ́ mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta (ti ATF6, ti PERK àti ti IRE1, àwọn prótíìnì ara ER) ni ìròyìn yìí ń gbà dé núkílíọ́ọ̀sì, BiP kò sì lè sọ fún ọ ní òun nìkan èyí tó gbà wá.

Kódà, ATF6 ni màá kọ́kọ́ fura sí. Á kúrò nínú ER lọ sí Golgi (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń to prótíìnì sọ́nà), àwọn ẹ́ńsáìmù S1P àti S2P á gé e, apá iwájú rẹ̀ á wọ núkílíọ́ọ̀sì, á sì dúró pẹ̀lú prótíìnì NF-Y lórí àmì DNA CCAAT-N9-CCACG (N9 ni lẹ́tà mẹ́sàn-án èyíkéyìí) níwájú jíìnì BiP. Nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ATF6 ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Ti PERK ni prótíìnì ATF4, tó ń jí jíìnì CHOP.

Ẹ̀rí ti XBP1 yàtọ̀. IRE1 máa ń gé lẹ́tà 26 kúrò nínú mRNA XBP1. Ríbósóòmù á wá ka ìyókù lọ́nà mìíràn, XBP1s tó lè pàṣẹ fún jíìnì á sì jáde. Ṣe RT-PCR (sísọ RNA di DNA, kí a sì sọ ọ́ di púpọ̀) tó gba ibi gígé náà kọjá, kí o wá fi PstI, ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA, sí i. Àárín lẹ́tà 26 yẹn ni PstI ti ń gé, nítorí náà PstI kò ní lè gé èyí tí IRE1 ti gé tẹ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, wọn mRNA jíìnì ERdj4, tó gbára lé XBP1s ju BiP lọ, nínú sẹ́ẹ̀lì tí o ti fi siRNA (RNA kékeré tó ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́) pa XBP1 mọ́lẹ̀. Bí ERdj4 bá wálẹ̀ tí BiP kò sì fi bẹ́ẹ̀ mì, ìdáhùn alábòójútó rẹ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ jẹ́ èyí tó ń retí.

Ohun kan ṣì ń dùn mí nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí mo ń kà: mRNA tó pọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé àdàkọ jíìnì (kíkọ RNA láti ara jíìnì) ló pọ̀, ó lè jẹ́ pé kò tètè bàjẹ́ ni. Fi prímà (DNA kékeré tí PCR ń bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀) inú intron (apá tí a ń gé kúrò kí mRNA tó pé) wọn pre-mRNA BiP, ìyẹn RNA tuntun tí a kò tíì gé. Má sì dúró de wákàtí 24 nìkan, torí iṣẹ́ IRE1 máa ń rọlẹ̀ bí ìnira ER bá pẹ́. Kó sẹ́ẹ̀lì ní wákàtí 2, 4 àti 8 pẹ̀lú.