Màámi ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́: ṣé ìtàn lè ràn wọ́n lọ́wọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Màámi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Dókítà ti sọ pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì lo oògùn díẹ̀ kí wọ́n tó pa á tì. Wọ́n ní kò síbi tó ń dun àwọn. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tó kọjá, 168/98 la bá. Mo ti ṣàlàyé títí, mo ti bínú, mo ti bẹ̀bẹ̀. Ẹnì kan wá sọ pé wọ́n ń fi ìtàn ran àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè ṣe é?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn ò rọ́pò oògùn o; òun ló ń mú kí èèyàn gbà láti lò ó.

Ìlú Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti dán an wò, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbàtọ́jú nílé ìwòsàn àwọn tí kò rí já jẹ. Dókítà Thomas Houston àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011. Wọn ò lo òṣèré rárá. Àwọn aláìsàn gan-an ló jókòó síwájú kámẹ́rà tí wọ́n ń sọ bí àwọn ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru gbé. Wọ́n fún àwọn kan ní fídíò yìí, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó sọ̀rọ̀ ìlera mìíràn tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tó di oṣù mẹ́ta, láàárín àwọn tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ga nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà òkè (irú 168 nínú 168/98 yẹn) àwọn tó gbọ́ ìtàn fi nǹkan bíi 11 wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ti ìsàlẹ̀ fi bíi 6. Ìyẹn ò kéré o: oògùn kan ṣoṣo kì í sábà fà á wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ti gbogbo wọn tún gòkè díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ò tó.

Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé Màmá ti ní ìtàn kan lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ ti aládùúgbò tó ń lo oògùn, tí kíndìnrín rẹ̀ wá bàjẹ́, tí wọ́n ní oògùn ló fà á, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó lè jẹ́ ti alágbo tó ń polówó nínú ọkọ̀. Nọ́ńbà lásán ò lè lé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jáde.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn. Níbi tẹ́ ẹ ti jọ ń ṣa ẹ̀wà, ẹ bi wọ́n pé: “Màámi, nígbà tẹ́ ẹ ń lo oògùn yẹn, báwo ló ṣe ń ṣe yín?” Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ wọn, ẹ má sì tún un ṣe. Ẹ lè gbọ́ pé amlodipine, ọ̀kan lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mú ẹsẹ̀ wọn wú, pé èyí tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ léraléra ń dójú tì wọ́n lọ́jà tí kò sí ilé ìtọ̀, tàbí pé owó ni kò sí tí wọn ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Kò sí èyí tí dókítà ò lè wá nǹkan ṣe sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó jọ wọ́n: ẹgbẹ́ wọn, tó ń ṣe irú iṣẹ́ wọn, tó ń lo oògùn déédéé. Màmá ẹlẹ́lùbọ́ kan wà tí mo máa ń bẹ̀ pé kó bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á ká ìró sókè díẹ̀, wọ́n á nawọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀: “Ibí yìí wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo sá fún wọn. Ìgbà tí mo padà wá, dókítà pààrọ̀ ẹ̀.” Wọ́n á wá sọ pé ẹ̀gbẹ́ búta táwọn fi ń ṣe àlùwàlá ìdájí làwọn ń gbé oògùn sí, káwọn má baà gbàgbé. Ìbéèrè táwọn èèyàn ò jẹ́ bi mí ni wọ́n ń bi wọ́n. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jìnnà sí yín, ẹ ní kó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn ẹni tó kú dẹ́rù bà wọ́n. Ìbẹ̀rù máa ń mú kí àgbàlagbà sá fún àyẹ̀wò. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀rí “mo da oògùn nù, ara mi yá.” Àdúrà àti oògùn ò bá ara wọn jà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò nílé, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nígbà náà, torí ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé e sókè. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan rọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kí nọ́ńbà jẹ́. Bó bá sì ti dé 180/120, ẹ má jẹ́ kó dọ̀la kẹ́ ẹ tó kàn sí dókítà.

Ní ti 168/98 yẹn, ẹ mú wọn lọ sí kíníìkì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má fún wọn ní oògùn àtijọ́ tó ṣẹ́kù. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, àti ìgò àgbo bó bá wà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí Màmá fẹnu ara wọn sọ fún dókítà ìdí tí wọ́n fi dáwọ́ dúró.