Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀rọ̀ Tó Kún Sílàìdì Jù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn. Mo fi PowerPoint ṣètò ìròyìn ọdún ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́ àti ti owó yíyá wà lójú sílàìdì kan náà, lẹ́tà rẹ̀ sì ti kéré débi pé àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ kò ní lè kà á. Nígbà tí mo gé apá kan lọ sí sílàìdì mìíràn, àwọn ìlà náà dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe lè pín in, kí n sì tò ó bó ṣe yẹ?

Ìdáhùn: PowerPoint fúnra rẹ̀ ló ń dín lẹ́tà yín kù kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè gba inú àpótí rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì fi ọwọ́ yín yí ìwọ̀n lẹ́tà náà padà, yóò tún tóbi ní kété tí ọ̀rọ̀ bá dín kù.

Ẹ lọ sí View, kí ẹ yan Outline View. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ yín yóò tò sí apá òsì bí ìwé kan ṣoṣo, àkọlé sílàìdì kọ̀ọ̀kan ni yóò sì ṣíwájú àwọn ìlà tirẹ̀. Ẹ gbé atọ́ka sí ìparí ìlà tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́, ẹ tẹ Enter kí ìlà tuntun lè yọ, lẹ́yìn náà kí ẹ di Shift mú, kí ẹ sì tẹ Tab. Ìlà òfìfo náà yóò di àkọlé sílàìdì tuntun lójú ẹsẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e lọ; ó wá ku kí ẹ kọ “Owó Yíyá” síbẹ̀. Àwòrán, bí ó bá wà, kò ní bá wọn lọ: ojú sílàìdì àkọ́kọ́ ni yóò dúró sí.

Ọ̀nà kan tún wà tó yá ju èyí lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kún àpótí, àmì kékeré kan tó ń jẹ́ AutoFit Options máa ń yọ nísàlẹ̀ lápá òsì, ẹ ó sì rí “Split Text Between Two Slides” nínú rẹ̀. Èmi kì í fẹ́ lò ó fún ìròyìn owó, nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́ parí sí, àkọlé kan náà ni yóò sì fi sórí sílàìdì méjèèjì. Ẹ wo bí yóò ṣe rí nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ní kí ẹ padà sí èyí tí ẹ fi hàn ṣáájú!

Ní ti títo ìlà, ẹ fi atọ́ka sínú ìlà tó ṣìnà, ẹ di Alt àti Shift mú pọ̀, kí ẹ wá tẹ ọfà òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ títí ìlà náà yóò fi dé àyè rẹ̀, kódà bí ó jẹ́ inú sílàìdì mìíràn. Bí ó bá ní àwọn ìlà kéékèèké lábẹ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ àmì róbótó iwájú rẹ̀ kí gbogbo wọn lè jọ lọ.

Bí ẹ bá ṣí Outline View tí ẹ kò rí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ àkọlé, a jẹ́ pé inú Text Box (àpótí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ọwọ́ yín fi kún sílàìdì) tàbí inú tábìlì ni ẹ kọ ọ́ sí, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í hàn níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Text Box, ẹ yan “Title and Content” nínú Layout tó wà lábẹ́ Home, kí ẹ kó ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí tó bá yọ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Mọ́kọ́lá, LibreOffice Impress, ètò ìṣe-sílàìdì kan bíi PowerPoint, ni mo sì ń lò. Ṣé mo lè sọ kókó kọ̀ọ̀kan lójú sílàìdì kan di sílàìdì tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dúró lórí sílàìdì náà, ẹ ṣí Slide, kí ẹ sì tẹ Expand Slide. Kókó ńlá kọ̀ọ̀kan yóò di àkọlé sílàìdì tuntun, àwọn àlàyé abẹ́ rẹ̀ yóò sì gòkè ní ipele kan. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi Tab ti gbogbo ìlà tí ẹ kò fẹ́ kó di àkọlé wọlé díẹ̀.