Fídáù ogójì ọjọ́ fún ọmọ ogun tí wọ́n pa ní Borno: ṣé owó ọmọ òrukàn la ó fi ra màlúù?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù àlékùm, àáfà wa. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ológun. Àwọn Boko Haram pa á ní Borno, wọ́n sì sin ín sí ibojì àwọn ológun ní Maiduguri. Ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Bàbá ọmọ mi ti kú, bàbá bàbá rẹ̀ náà ti kú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti àwọn àáfà àdúgbò wa ní àfi kí á pa màlúù, kí á dá aṣọ ẹbí, kí á ṣe fídáù ogójì ọjọ́ tó gbayì, nítorí pé akọni ni. Wọ́n ní bí a kò bá ṣe é, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ níbi tó wà. Owó tó wà ní báńkì rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ná. Àwọn ọ̀dọ́ kan tún sọ lójú mi pé kò lè jẹ́ ṣàhíìdì (ẹni tó kú sójú ọ̀nà Ọlọ́hun), pé ìjọba tí kì í ṣe ti Ìsìláàmù ló kú fún. Àwọn ológun sì ti pè mí sí ọjọ́ ìrántí oṣù kìíní. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wàálékùmú sàlámù wáráhmọtúláhì wábárákátúhù, ìyá wa. Inna lillahi wa inna ilaehi rajiun. Kí Ọlọ́hun forí jin ọmọ yín, kó fẹ ibojì rẹ̀ lójú, kó sì fún ẹ̀yin àti ìyàwó rẹ̀ ní sùúrù tó lẹ́san.

Ẹ̀yin kọ́ ni ìyá àkọ́kọ́ tó máa bèèrè ọ̀rọ̀ ọmọ tó bógun lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Mẹ̀dínà, Haritha ọmọ Suraqa. Ọfà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ta á ló pa á lọ́jọ́ ogun Bádírì, ní ọdún kejì Híjírà. Ìyá rẹ̀ wá bá Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a), ó ní bí ọmọ òun bá wà ní àlùjánnà, òun á ṣe sùúrù, bí kò bá sí níbẹ̀, òun á sunkún rẹ̀ débi tí agbára òun bá mọ. Ànábì fèsì pé àlùjánnà kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ ni, ọmọ rẹ̀ sì ti bọ́ sí Firdaosi tó ga jù lọ. Bukhari, onímọ̀ tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ sínú ìwé, ló gba hàdíìsì yìí wá. Ibi tí ọmọ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ni ìyá náà bèèrè, ìdáhùn ìyẹn nìkan náà ni wọ́n sì fún un. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ó ku ẹran kan tó gbọ́dọ̀ pa kí ọkàn Haritha tó balẹ̀.

Ẹ wá wo ti Jáfárù ọmọ Abu Talib, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ yìí wà. Wọ́n pa á lójú ogun Mu'ta ní ọdún kẹjọ Híjírà, ọ̀nà jíjìn sí Mẹ̀dínà, níbi tí Jọ́dánì wà lónìí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe sin ọmọ yín sí Maiduguri. Ọmọ bàbá kan náà ni bàbá rẹ̀ àti bàbá Ànábì. Omi ń bọ́ lójú Ànábì bó ṣe ń sọ ikú rẹ̀ fáwọn èèyàn. Ohun tó wá pa láṣẹ ni pé: “Ẹ se oúnjẹ fún ará ilé Jáfárù, ohun tó gbà wọ́n lọ́kàn ti dé bá wọn.” Ará àdúgbò ló ní kó dáná, kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sì jẹun. Ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó wá sílé, ó ní kí wọ́n má sunkún arákùnrin òun mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ Jáfárù wá, ó pe onígbàjámọ̀ kó fá orí wọn. Nígbà tí Asma ìyá wọn ń dárò pé wọ́n ti di ọmọ òrukàn, ó bi í léèrè bóyá ìṣẹ́ ló ń bẹ̀rù fún wọn nígbà tí òun jẹ́ alámòójútó wọn láyé àti lọ́run.

Ìrántí ọmọ ogun nìyẹn ní ilé Ànábì. Ọjọ́ kẹjọ pé, ogójì ọjọ́ pé, kò pe ẹnikẹ́ni jọ. Sàhábé, ìyẹn àwọn tó bá Ànábì kẹ́gbẹ́, bí 70 ni wọ́n pa lójú ogun Uhudu, Hamza arákùnrin bàbá Ànábì wà nínú wọn. Ọdún yípo títí, kò ṣe ayẹyẹ ìrántí fún wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ ó ṣe àdúà fún wọn bí ẹni tó ń dágbére, kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún yín: “Ṣé àdúà fún òkú ti wá di èèwọ̀ ni?” Rárá o. Ẹ ṣe àdúà fún un láàárọ̀, ẹ ṣe é lálẹ́, ẹ ṣe é nínú ìforíkanlẹ̀ yín. Ohun tí a ń kọ̀ ni ọjọ́ tí Ọlọ́hun kò dá, tí àwọn wá dá, tí wọ́n sì ń fi dẹ́rù ba ìyá olóòkú. Ànábì ní ẹni tó bá mú nǹkan tuntun wọ inú ẹ̀sìn yìí tí kò sí nínú rẹ̀, a ó dá a padà fún un. Jarir ọmọ Abdullah, sàhábé ni, ó ní àwọn máa ń ka ìpéjọ sí ilé olóòkú àti oúnjẹ sísè lẹ́yìn ìsìnkú mọ́ ẹkún arò tí a kọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Wàhábì ló ń sọ̀rọ̀, pé Màlíkí, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn ti Ímáàmù Malik, ni àwọn bàbá wa. Al-Hattab, àgbà nínú àwọn onímọ̀ Màlíkí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí olóòkú máa se oúnjẹ kó sì máa pe èèyàn jọ sí i, àwọn onímọ̀ kórìíra rẹ̀, wọ́n sì kà á mọ́ àdádáálẹ̀. Màlíkí wo ni wọ́n wá ń tẹ̀ lé?

Èyí tó bí mi nínú jù ni aṣọ ẹbí. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni tákàbá (àkókò ọ̀fọ̀ opó) ìyàwó rẹ̀, bí kò bá lóyún. Ogójì ọjọ́ yóò bá a nínú tákàbá, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ ọ̀ṣọ́ fún un. Àáfà tó mọ ìyẹn, tó tún fẹ́ kí wọ́n wọ léèsì fún un, kí wọ́n gbé e síwájú èrò, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ ìṣírò?

Ó wá ku owó. Lẹ́yìn gbèsè àti wàsíyà (ohun tó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ikú òun), bí a bá pín ohun tó fi sílẹ̀ sí ọ̀nà 24, ìdá kan nínú mẹ́fà jẹ́ tiyín, ìyẹn 4. Ìdá kan nínú mẹ́jọ jẹ́ ti ìyàwó, ìyẹn 3. 17 tó kù jẹ́ ti ọmọ kékeré yẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀, ọmọkùnrin náà ti dí i lọ́nà. Nínú náírà 24 tí wọ́n bá fi ra màlúù, 17 jẹ́ ti ọmọ tí kò tíì mọ owó kà, tí kò sì lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Sùúrà An-Nisaa, ẹsẹ 10, pé àwọn tó ń fi àbòsí jẹ dúkìá ọmọ òrukàn, iná ni wọ́n ń jẹ sínú ikùn wọn. Ẹ ka ẹsẹ yìí sí wọn létí. Bí báńkì bá sì ní orúkọ ẹnì kan lórí fọ́ọ̀mù pé òun ni kó gba owó, agbowó nìyẹn, ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tó ni owó náà.

Nínú 4 tiyín, ẹ lè yọ sàráà fún un. Saadu ọmọ Ubada fi ọgbà rẹ̀ ṣe sàráà fún ìyá rẹ̀ tó kú, Ànábì sì ní ẹ̀san rẹ̀ máa dé bá a. Omi ẹ̀rọ ní mọ́ṣáláṣí tàbí Kùránì fún ilé kéwú tó.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ kọjá ààyè wọn. A kì í tọ́ka sí ẹnì kan kí á búra pé ṣàhíìdì ni, Ọlọ́hun ló mọ ọkàn. Bukhari fi ìyẹn ṣe àkọlé nínú ìwé rẹ̀. A ń retí rẹ̀ fún un ni, ìrètí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sì ni. Àwọn tó pa á, Khawaarij (àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó yapa kúrò lára ará Ìsìláàmù) ni wọ́n, àwọn tí Ànábì ní wọ́n á máa pa ará Ìsìláàmù. Ṣebí àwọn ló ju bọ́ǹbù sí àwọn tó wá kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí àgbà Kano ní November 2014? Hàdíìsì tó wà lọ́dọ̀ Abu Dawud sọ pé oore ni fún ẹni tó bá pa wọ́n àti ẹni tí wọ́n bá pa. Ọmọ yín dúró láàárín wọn àti àwọn abúlé tí mùsùlùmí ń gbé.

Ní ti ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ìparí ogun abẹ́lé ní 1970 ló mú kí ìjọba yàn án. Òdòdó tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ àti ìdúró láìfọhùn kò kan òkú. Ẹ má fọwọ́ kan òdòdó náà. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yanjú ẹ̀tọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ẹ lọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó jókòó sílé bí tákàbá kò bá tíì parí, ẹ bá a gbé ìwé lọ.

Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ lọ bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ bóyá ó jẹ gbèsè. Ṣàhíìdì gan-an, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń forí jì í àyàfi gbèsè. Muslim, onímọ̀ hàdíìsì bíi Bukhari, ló gbà á wá. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín bá fẹ́ ná owó lórí ọmọ àbúrò rẹ̀ dandan, kó fi owó ara rẹ̀ san ìyẹn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù lọ.