Wọ́n fẹ́ ti ilé iṣẹ́ wa: kí ni ẹ̀tọ́ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Láti ọdún 2009 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan níbí ní Kàdúná. Oṣù márùn-ún rèé tí wọn kò san kọ́bọ̀ fún wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pé nítorí àdánù, ilé iṣẹ́ yóò kógbá sílé ní ìparí oṣù yìí. Wọ́n ní ká wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan, ká fi gba owó oṣù kan. Ẹni ọdún 47 ni mí. Ṣé kí n fọwọ́ sí i? (Òǹkàwé kan, Kakuri)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ kà á délẹ̀. Nínú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ tó ti dé ọ́fíìsì wa l'Ábújá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni gbólóhùn tó léwu máa ń wà: pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, ẹ kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́. Owó oṣù kan ni wọ́n fẹ́ fi ra oṣù márùn-ún àti gbogbo ohun tó kù. Bí ọwọ́ bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà á, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti fọwọ́ sí i pé, "Apá kan gbèsè tí ẹ jẹ mí ni mo gbà yìí." Ẹ kọ déètì, kí ẹ sì fi fóònù ya á kí ẹ tó dá a padà.

Àdánù lè mú kí wọ́n ti ilé iṣẹ́, àmọ́ kò lè pa owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe tán rẹ́. Nídìí ẹ̀rọ ni ẹ wà, nítorí náà Òfin Iṣẹ́ kàn yín (àwọn máníjà ò sí lábẹ́ rẹ̀, ìwé àdéhùn tiwọn ni wọn yóò dì mú). Ẹni tó bá ti lò tó ọdún 5, ó kéré tán, ìfitónilétí oṣù kan ló tọ́ sí i, tàbí kí wọ́n san owó rẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ yẹn kò pé oṣù kan.

Abala 20 òfin náà tún ní kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún yúníọ̀nù, kí wọ́n sì sapá láti dúnàá-dúrà lórí owó tí wọn yóò san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni òfin yìí kò ti tẹ́ mi lọ́rùn, torí kò dárúkọ iye kankan. Iye náà, àti gratuity (owó tí wọ́n ń san fún ọdún tí èèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́), inú ìwé ìlànà iṣẹ́ yín tàbí àdéhùn tí yúníọ̀nù ṣe ni a ó ti rí i. Ẹ wá ẹ̀dà méjèèjì nísinsìnyí tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ṣì ń wá síbi iṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín àti péésílíìpù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ìjọba bá ti ni ilé iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwọn. Bí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì ní CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ilé ẹjọ́ kì í sábà dá èèyàn padà sẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó ni ká máa lé.

Bí wọ́n bá ń gé owó pẹ́ńṣàn yín, ẹ lọ gba sítétímẹ́ǹtì lọ́dọ̀ PFA, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn yín. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 ló yẹ kí owó tí wọ́n gé ti débẹ̀. Oṣù tó bá fò, ẹ fi sun PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ètò pẹ́ńṣàn. Ẹ kò tíì pé 50, nítorí náà bí oṣù 4 bá kọjá tí ẹ kò ríṣẹ́ mìíràn, ẹ lè béèrè tó ìdá 25 nínú 100 ohun tó wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá yan ẹni tí yóò ta dúkìá láti fi san gbèsè, ẹ kọ iye tiyín ránṣẹ́ sí i, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà yín. Òfin kọ́ńpìnnì ti 2020 fi owó oṣù òṣìṣẹ́ ṣáájú àwọn olówó tí kò gba ohun ìdúró. Ẹ sáà má fọkàn sí i pé kíá ni. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textile, tí wọ́n tì ní 2002: ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi lé owó wọn, àwọn mìíràn kú sẹ́nu rẹ̀.

Bó bá di ẹjọ́, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni, ó sì ní ẹ̀ka ní Kàdúná. Lọ́yà ìjọba lè di òfin kan mú tó ní kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ kí èèyàn tó pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́, kó ní oṣù mẹ́ta ti kọjá, ẹjọ́ ti kú. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti ní òfin yẹn kò kan àdéhùn iṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ má jókòó tì í. Ẹ para pọ̀ pe ẹjọ́ kan ṣoṣo, owó lọ́yà yóò fúyẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ bá akọ̀wé yúníọ̀nù yín. Ẹ bi í bóyá lẹ́tà abala 20 ti dé ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá tíì dé, kó kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ máníjà, kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ yín, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.