Stúdẹ́ńtì 40, drone kan ṣoṣo

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn 400 level ní ẹ̀kọ́ drone tó ń dá fò fúnra ẹ̀. Àwọn 40 ni, drone kan ṣoṣo la ní, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ fi gbá ògiri. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, gbé drone yẹn sínú kọ́bọ́ọ̀dù kó o tì í pa ná, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ò nílò ẹ̀ rárá. Sọ́fítíwià ArduPilot tó ń wa drone ni kó o lò, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní SITL, ìyẹn ni pé sọ́fítíwià tó ń wa drone gan-an náà ló máa ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó rò pé òun ń bá jà, kọ̀ǹpútà ló ń dọ́gbọ́n ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ tàn án, wọ́n á rí i lórí máàpù pé Canberra ni drone àwọn wà, ní Ọsirélíà lọ́hùn-ún, ẹ̀rín á pa wọ́n.

Jẹ́ kí wọ́n ba ti inú kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́ o! Sọ pé kí wọ́n wá ATC_RAT_RLL_P, ìyẹn nọ́ńbà P nínú sẹ́tìǹgì ArduPilot tó ń sọ bí drone ṣe máa fagbára tún ara ẹ̀ ṣe tó tó bá ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju bó ṣe yẹ, kí wọ́n kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá máa bù kún un díẹ̀díẹ̀ títí drone á fi máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ọmọ tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí ìyẹn kì í bi mí mọ́ pé kí ni P tó pọ̀ jù ń ṣe, èmi tí mo ti kọ equation ẹ̀ sí bọ́ọ̀dù títí kí n tó gbọ́n.

Ibi tí wọ́n ti máa ń há gan-an ni ọ̀rọ̀ sensor, àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí drone mọ bí òun ṣe wà. Gyro ń sọ bí drone ṣe ń yí yára tó, tó o bá sì ń ro ó pọ̀ mọ́ra, àṣìṣe kékeré á máa ga sí i, ó ṣe díẹ̀, á ní òun ti dagun nígbà tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí tábìlì. Accelerometer mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà, ṣùgbọ́n propeller, abẹ̀bẹ̀ tó ń gbé drone fò, ń gbọ̀n ọ́n. Ìwọ ṣáà ti sọ fún wọn pé Kalman filter, ìṣirò tó ń pa ọ̀rọ̀ sensor méjèèjì pọ̀, dà bí ẹni tó ń bi èèyàn méjì ní ọ̀nà, tó mọ bí òun ṣe lè gba tọ̀ọ́ọ̀kan gbọ́ tó. Kí wọ́n fi fóònù wọn dán an wò: áàpù Phyphox, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Aachen ní Jámánì, á gbé nọ́ńbà sensor méjèèjì jáde.

Ọjọ́ tó o bá wá gbé drone jáde, yọ propeller ẹ̀ kó o tó so bátìrì mọ́ ọn, mi ò fi ṣeré o. Ìwé àṣẹ NCAA, àwọn tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, àti ti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, náà ńkọ́? Bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látòní.